Iṣẹ́ Ajákùn Nínú Ẹ̀rọ Sáfà: Bí A Ṣe Ń Tọ Ipasẹ̀ Rẹ̀

Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Orin, ìtàn àti oríkì ni iṣẹ́ tèmi. Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kí n tó mọ̀ pé ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ náà ní òbí, ó ní ọmọ, ó sì ní ìdílé. Ọ̀ràn kan tí ó dun mí ni ó kọ́ mi.

Ohun mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn láti ṣe nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí. A ó kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ ajákùn jẹ́, àti ohun tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo bí àwọn onímọ̀ ṣe ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí. Ní ìparí, a ó wo ìdí tí kò fi yẹ kí a yára pa á. Ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ já sí: ẹni tí ó bá pa iṣẹ́ ajákùn kí ó tó bi í léèrè ẹni tí ó bí i, ẹ̀rí ni ó pa, àìsàn náà yóò padà wá.

1. Bí Ọ̀ràn Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Agbègbè Ìgbẹsà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni mo ń gbé. Ilẹ̀ Àwórì ni. Ẹni tí ó bá ń gba ọ̀nà Agbára tàbí ọ̀nà Sàngó-Ọ̀tà kọjá mọ bí ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti pọ̀ tó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ni àwọn àgbàlagbà tí wọn kò tíì gbàgbé orin ẹ̀fẹ̀ àti ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn àjogúnbá ọmọ aráyé tí kò lẹ́gbẹ́, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní ọdún 2008. Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń gba irú orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn arúgbó, a sì ń kó wọn sí orí ìkànnì kan kí ẹni tí ó wà ní Kétu tàbí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè gbọ́ wọn.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè wa ni ó fún wa ní àyè lórí ẹ̀rọ sáfà rẹ̀. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kí ó máa dá àwọn ẹ̀rọ mìíràn lóhùn. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ìkànnì kan sórí fóònù yín, ìbéèrè ni ẹ fi ránṣẹ́. Sáfà ni yóò fèsì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìkànnì wa kọ̀, kò ṣí. Ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ náà pa iná rẹ̀, ó tún un tàn. Ìkànnì ṣí, gbogbo wa sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ̀rọ náà tún ti wúwo ju ti òwúrọ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni wọ́n fi ń pa á tí wọ́n fi ń tàn án. Ní ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Ọ̀tà, tí ó ti bá ẹ̀rọ irú èyí ṣiṣẹ́ pẹ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n jókòó tì í. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín.

2. Kí Ni Iṣẹ́ Àṣelọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ètò sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ àṣelọ́wọ́. Ètò ni àkójọ àṣẹ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ó dà bí ọ̀rọ̀ orin tí akọrin mọ̀ sórí. Iṣẹ́ àṣelọ́wọ́, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní process, ni ètò náà nígbà tí ó bá ń wáyé lọ́wọ́, bí ìgbà tí akọrin dìde lóru tí ó la ẹnu. Orin kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n akọrin mẹ́wàá lè máa kọ ọ́ ní ojúde mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni ètò kan ṣe lè di iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀pọ̀ sáfà ayé òde òní ni ó ń lo Linux, èyí tí Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ará Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Linux tẹ̀lé ìlànà Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1969. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, kò sí iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ tí ó ń ti ojú ọ̀run já bọ́. Ọ̀kan ni ó ń bí òmíràn. Olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà òbí rẹ̀, orúkọ olówó rẹ̀, àti àkókò ìbí rẹ̀. Gbogbo wọn, bí a bá tọ ìran wọn lọ sókè, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ-ọmọ nọ́ńbà 1, baba ńlá tí ó kọ́kọ́ jí nígbà tí a tan ẹ̀rọ.

Bí òbí bá kú kí ọmọ rẹ̀ tó kú, ọmọ náà di ọmọ òrukàn. Kì í ṣègbé. Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ńbà 1 ni ó ń gbà á tọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ni ó kọ́kọ́ kú, ó di dandan kí òbí rẹ̀ béèrè bí ó ṣe kú. Bí òbí kò bá béèrè, orúkọ ọmọ náà yóò wà nínú ìwé, kò ní parẹ́. Irú èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní zombie. Orúkọ náà ń tan ènìyàn jẹ, nítorí kò rìn, kò jẹ, kò mu. Òkú tí a kò tíì sin ni. Ẹni tí ó bá ń gbìyànjú láti pa á ń ṣe wàhálà lásán. Òbí rẹ̀ ni kí a lọ bá.

Wàyí o, iṣẹ́ ajákùn ni iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ tí ó yẹ kí ó ti parí ṣùgbọ́n tí kò parí, tí ó wá ń gba agbára ọpọlọ ẹ̀rọ, tàbí àyè ìrántí rẹ̀, tàbí àká rẹ̀, kọjá ohun tí a bí i láti gbà. Mo pè é ní ajákùn nítorí pé ó dà bí ewúrẹ́ tí ó já okùn tí ó wọ oko olóko. Ewúrẹ́ náà kì í ṣe ẹranko burúkú. Jíjẹ ni ó mọ̀, jíjẹ náà ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó so ó ni a ó bi léèrè okùn.

3. Èrò Ọjà Kì Í Ṣe Ajákùn

Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ́kọ́ ṣe ni pé ó wo iye mẹ́ta tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń kọ sílẹ̀. Àwọn iye wọ̀nyí ń sọ bí iṣẹ́ tí ń ṣe lọ́wọ́ àti èyí tí ń dúró de àyè ṣe pọ̀ tó láàárín ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú 15 tí ó kọjá. Bí ẹ̀rọ bá ní ọpọlọ 4, tí iye náà sì jẹ́ 4, ọwọ́ rẹ̀ kún, ṣùgbọ́n ó tó o ṣe. Bí iye náà bá di 40, a jẹ́ pé mẹ́rìndínlógójì wà lórí ìlà.

Ṣùgbọ́n iye tí ó ga kò tó láti fi dájọ́. Linux a máa ka àwọn tí ń dúró de àká pọ̀ mọ́ àwọn tí ń dúró de ọpọlọ. Nítorí náà, ọpọlọ lè wà láìṣe nǹkan kan kí iye náà sì ga fíofío, bí ó bá jẹ́ pé àká ni ó ń fà sẹ́yìn. Bákan náà, a ní láti fi àwọn iye mẹ́ta náà wé ara wọn. Bí ti ìṣẹ́jú 1 bá kéré sí ti ìṣẹ́jú 15, èrò ń tú ká nìyẹn. Bí ó bá jù ú lọ, èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni.

Èyí ni ó fi èrò ọjà hàn yàtọ̀ sí ajákùn. Ní ọjọ́ ọjà, ọ̀nà a máa dí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó tú. Ajákùn kò mọ ilẹ̀ tó ṣú. Ní aago mẹ́ta òru, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń ṣí ìkànnì, yóò ṣì máa jẹun. Nígbà tí a ka ìwé àkọsílẹ̀ sáfà náà padà dé ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, a rí i pé kò sí ajákùn kankan ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lọ tẹ́tí sí orin mẹ́ta kí wọ́n tó wá sí kíláàsì, gbogbo wọn sì dúró di òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó ṣí i. Èrò ọjà ni. Bí wọ́n bá ti fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, ìbá ti tú ká. Ṣùgbọ́n wọ́n pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

4. Títọ Ipasẹ̀

Àṣẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ top. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ yóò to àwọn iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ lẹ́sẹẹsẹ, èyí tí ó ń jẹun jù yóò sì wà lókè. Òmíràn ni ps, tí ó ń fi nọ́ńbà, nọ́ńbà òbí, olówó àti àkókò ìbí hàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ olúkúlùkù ni lẹ́tà kan wà tí ó ń sọ ipò rẹ̀. R ni èyí tí ń ṣiṣẹ́ tàbí tí ó ti ṣe tán láti ṣe é. S ni èyí tí ó sùn, tí ó ń retí ohun kan. D ni èyí tí ń retí àká, tí kò sì gbọ́ ìpè títí ohun tí ó ń retí yóò fi dé. Z ni òkú tí a kò tíì sin.

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá yẹn ni wọ́n tan ẹ̀rọ náà kẹ́yìn. Aago méjì ọ̀sán ni àwa méjèèjì jókòó sí iwájú rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà, orúkọ kan náà, ni ó kún ojú gíláàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn jẹ́ R. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kà wọ́n: méjìdínláàádọ́ta.

Mo ní, “Pa wọ́n, jàre.”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bàbá wọn, sà.”

Èmi tí mo ń fi ojoojúmọ́ béèrè oríkì orílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn arúgbó, ojú tì mí. Ó fi àkókò ìbí wọn hàn mí, èmi náà sì rí i: ìṣẹ́jú márùn-ún gééré ni ó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Wákàtí mẹ́rin jẹ́ igba ó lé ogójì ìṣẹ́jú. Bí a bá fi márùn-ún pín in, méjìdínláàádọ́ta ni. Kò sí èrò ọjà tí ń wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń wo aago ni ó ń bí wọn. Ó tọ nọ́ńbà òbí wọn lọ sókè ní ìpele ìpele, ó sì kan ètò kan tí ń jẹ́ cron, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa pe àwọn ètò mìíràn sí iṣẹ́ ní àkókò tí a dá fún wọn.

Ó kù kí a mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nínú Linux, àpótí kan wà tí ń jẹ́ /proc, níbi tí iṣẹ́ àṣelọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan ti ní yàrá tirẹ̀. A lè wo ibẹ̀ láti mọ ibi tí ó dúró sí, ètò tí ó bí i, àti fáìlì tí ó ṣí sílẹ̀. Àṣẹ lsof náà lè sọ ti fáìlì. Àṣẹ strace sì wà, tí ń jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí iṣẹ́ náà ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Fáìlì kan ṣoṣo ni àwọn méjìdínláàádọ́ta náà ṣí: orin ẹ̀fẹ̀ kan. Ohun tí wọ́n sì ń sọ láìdánudúró ni pé, “Kà á. Òpin dà? Padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kà á.”

Ètò náà ni ó yẹ kí ó sọ orin tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé di kékeré kí ó lè rọrùn láti gbọ́ lórí fóònù. Ẹni tí ó kọ ọ́ rò pé gbogbo orin ni yóò ní àmì òpin. Èyí kò ní, nítorí pé ààbọ̀ rẹ̀ ni ó dé.

Mo béèrè olówó ètò náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ tààrà kí ó tó fèsì. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀yin ni.” Òótọ́ ni. Èmi ni mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ètò náà, orúkọ mi ni a fi gbé e sí ẹnu iṣẹ́, èmi náà sì ni mo ní kí ó máa ṣe é ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, nítorí ìkánjú.

5. Àbíkú Sọ Olóògùn Dèké

Ẹ jẹ́ kí a wá so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n pa iná ẹ̀rọ nítorí èrò ọjà, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ń fi orin ránṣẹ́ sí orí rẹ̀ lọ́wọ́. Pípa yẹn gé orin náà sí méjì. Ààbọ̀ tí ó ti dé wà níbẹ̀, ètò mi sì kọsẹ̀ lára rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, àwọn ajákùn yóò kú. Bí wọ́n bá tàn án, cron yóò jí, yóò wo aago, yóò sì tún bí wọn. Oògùn tí a kà sí ìwòsàn ni ó dá àìsàn náà sílẹ̀. Àwọn baba wa ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní ibi tí ó tóbi ju tiwa lọ. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tú ètò kan sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ń rìn láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ètò náà a máa béèrè bóyá irú rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ tí ó dé, kí ó lè yẹra. Ṣùgbọ́n nígbà 1 nínú 7, ohun yòówù tí ìdáhùn ìbáà jẹ́, yóò wọlé. Ìwọ̀nba 1 nínú 7 yìí ni ó ba nǹkan jẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kún fún ẹ̀dà rẹ̀ títí wọn kò fi lè mira. Àwọn tí wọ́n pa ẹ̀rọ wọn tí wọ́n tún un tàn kò rí ìsinmi, nítorí láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni ó tún ń wọlé. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ tú ètò náà palẹ̀, tí wọ́n mọ ihò tí ó ń gbà wọlé, tí wọ́n sì dí i, ni ó tó rọlẹ̀.

Kí a má baà ṣì mí gbọ́, àkókò wà tí pípa yẹ. Ṣùgbọ́n pípa náà ní ìpele. Àṣẹ kill, láìka orúkọ rẹ̀ sí, ìránṣẹ́ ni. Nọ́ńbà ni ó ń jẹ́ fún iṣẹ́ àṣelọ́wọ́. Nọ́ńbà 15 ń sọ pé, “Jọ̀wọ́, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, kí o máa lọ.” Iṣẹ́ náà lè ti fáìlì rẹ̀ kí ó tó kú. Nọ́ńbà 9 kì í bá a sọ̀rọ̀ rárá. Bíbẹ́ ni ó ń bẹ́ ẹ lórí. Láàárín méjèèjì, nọ́ńbà 19 wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Linux, tí ń sọ pé, “Dúró bí o ṣe wà.” Iṣẹ́ náà yóò dúró gbagidi, kò ní gba agbára ọpọlọ mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rí yóò wà lára rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ó tẹ̀síwájú, nọ́ńbà 18 ni. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe nìyí: ó kọ́kọ́ dá cron dúró lórí ètò náà, ó fi nọ́ńbà 19 dá àwọn méjìdínláàádọ́ta náà dúró, ó ṣe ẹ̀dà orin àti ìwé àkọsílẹ̀ pamọ́, ó wá fi nọ́ńbà 15 rán wọn lọ. Nítorí pé ẹni tí ó dúró kò lè palẹ̀ ẹrù mọ́, ó fi nọ́ńbà 18 tú wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ìpè náà. Kò lo nọ́ńbà 9 rárá.

6. Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹfà

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, gbogbo Nàìjíríà rí ohun tí àṣìṣe inú sáfà lè ṣe fún ọmọ ènìyàn. Nínú ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì tí àjọ JAMB ṣe, àtúnṣe kan tí ó yẹ kí ó dé orí gbogbo sáfà kò dé orí àwọn kan. Ibùdó ìdánwò 65 ní Èkó àti 92 ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ìlà-oòrùn ni ó kàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní láti tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà nígbà náà, sọkún ní gbangba. Ajákùn kọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni. Nígbà tí máàkì kéré, ó rọrùn láti sọ pé àwọn ọmọ kò kàwé. Ìgbà tí a béèrè ibi tí máàkì náà ti wá, tí a tọ̀ ọ́ dé orí sáfà, ni òtítọ́ tó jáde. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ó ku ohun tí a ṣe kí irú tiwa má baà tún wáyé. Àkọ́kọ́, a fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ètò náà: bí ọ̀kan bá wà lẹ́nu iṣẹ́, cron kò gbọdọ̀ bí èkejì. Ẹ̀ẹ̀kejì, a dá gbèdéke fún un. Bí ó bá lo ìṣẹ́jú mẹ́ta láìparí, kí ó jáwọ́ kí ó sì kọ ìdí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, a lo ohun tí Linux ń pè ní cgroup, tí ó wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2008, láti pààlà sí agbára ọpọlọ àti àyè ìrántí tí ètò wa lè gbà, kí ewúrẹ́ bí ó tilẹ̀ já okùn má lè fo ọgbà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, orin tí ó bá ń bọ̀ lọ́nà yóò máa jẹ́ orúkọ ìgbà díẹ̀. Ìgbà tí ó bá dé tán tí a sì wọ̀n ọ́n pé ó pé ni yóò tó gba orúkọ rẹ̀ gan-an. A kì í sọ ọmọ lórúkọ kí a tó bí i tán.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, orúkọ yẹn ni ó dùn mí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi orin náà ránṣẹ́ wo ìkànnì ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ó rí orúkọ orin náà nínú àkójọ, ó sì gbà pé ó ti dé. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí ó lò, àyálò ni. Ẹlòmíràn fẹ́ mú un lọ sí oko ìwádìí ní ọjọ́ kejì. Ó pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Kò ṣe àìdára kankan. Orúkọ wà níbẹ̀. Ara ni kò pé.

Ìgbà tí a mọ̀, mo ránṣẹ́ sí ilé bàbá tí ó kọ orin náà pé a ó tún wá. Wọ́n ní bàbá kò gbádùn, kí a ní sùúrù. Kí oṣù náà tó parí, bàbá lọ. Ààbọ̀ orin rẹ̀ ṣì wà lórí ìkànnì wa. Ó dúró níbi tí ó ti ń kí àwọn ìyá, láàárín gbólóhùn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ bá tún wúwo, tí ọwọ́ ẹnìkan sì ń lọ síbi ìpaná, ẹ bá mi sọ fún un pé kí ó dúró. Kí ó wò ó bóyá èrò ọjà ni. Bí kì í bá ṣe èrò ọjà, kí ó béèrè nọ́ńbà rẹ̀, kí ó béèrè òbí rẹ̀, kí ó béèrè ohun tí ó dì mọ́wọ́. Ìbéèrè mẹ́ta yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èmi mọ ohun tí a pàdánù nítorí pé a kò béèrè wọn.